Òtútù Òròmọdìẹ ní Agbègbè Agbara: Èwo Ló Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Àwọn Àfikún Oúnjẹ?

Òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ń fẹ́ ìwọ̀n ooru 32 sí 34 lórí tẹmómítà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Lóru oṣù Keje, bí òjò bá ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ooru ìta ní Agbara lè já wálẹ̀ sí 22 tàbí 23. Àwa èèyàn á ní ojú ọjọ́ tura, a ó fa aṣọ bora, a ó sùn wọra. Ṣùgbọ́n ọmọ adìẹ tí kò wúwo ju bí 40 gíráàmù lọ, ìyàtọ̀ ìwọ̀n 10 yẹn tó láti pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí òtútù ṣe di ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn ní àgbègbè tí ooru ti ń mú wa yípo ọdún, ohun náà ló sì kó sáṣẹ́ẹ̀tì àti ike tí wọ́n kọ "anti-stress" sí lára kún àwọn ìsọ̀ oògùn ẹran láti Sàngó-Ọ̀tà títí dé Lúsàdà.

Èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́? Kí ló ń ṣe nínú ara ẹyẹ? Ìgbà wo ló yẹ kí a náwó lé e? Mo ti gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí mo sì dé rèé: àfikún inú oúnjẹ àti omi ń ran òròmọdìẹ tó ti rí ooru lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan tó lè rọ́pò ooru. Ohun kejì tún wà tí àwọn tó ń tà wọ́n kì í sọ: òtútù tí wọ́n ti dán ọ̀pọ̀ nínú wọn wò le ju tiwa lọ fíìfíì, adìẹ tí wọ́n sì fi dán an wò máa ń ti dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà yìí gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òtútù méjì, ọ̀nà kan tó gùn

Bí a bá dárúkọ Agbara, iléeṣẹ́ ńláńlá ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí Agbara wà nínú rẹ̀ yìí náà ni Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá oko sí lọ́dún 1979, lẹ́yìn tó gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́, adìẹ sì wà lára ohun tí oko Ọ̀tà náà fi lókìkí. Lónìí, yàtọ̀ sí àwọn oko ńlá, àwọn tó ń sin 100, 200 tàbí 500 lẹ́yìnkùlé pọ̀ ní Àtan, Ìgbẹ́sà, Lúsàdà àti Agbara fúnra rẹ̀: òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, olùkọ́, ìyá ọlọ́jà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjà Èkó ò jìnnà sí wọn. Ẹni tó bá rí adìẹ Kérésì rẹ̀ tà dáadáa, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ti wọlé nìyẹn.

Òtútù méjì ni wọ́n ń bá jà. Òtútù òjò ló máa ń pẹ́ jù, láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹsàn-án: afẹ́fẹ́ tutù, ilẹ̀ rin, èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ kì í gbẹ. Òtútù ọyẹ́ ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní: ọ̀sán á gbóná, ìdájí á tutù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á sì máa fa omi lára ẹyẹ. Èyí kejì ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí ẹni tó bá wo ilé adìẹ rẹ̀ lọ́sàn-án á rò pé kò sí ewu.

Ọ̀nà tí ọmọ adìẹ ń gbà dé ọwọ́ wọn ń dá kún un. Àwọn háṣárì ńlá ilẹ̀ Yorùbá wọ́pọ̀ sí apá Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́: Zartech wà ní Ìbàdàn, CHI wà ní Ajáńlá, Amo Farm Sieberer wà ní Awẹ́. Inú páálí oníhò ni wọ́n ń kó wọn sí. Láti ibẹ̀ dé Sàngó, láti Sàngó dé Àtan, kí wọ́n tó já sí ọ̀nà Lúsàdà tó ti ń fìyà jẹ awakọ̀ láti ọdún pípẹ́, ilẹ̀ lè ti ṣú. Ọmọ adìẹ tó pa lánàá, tí kò tíì kan omi lẹ́nu, tí atẹ́gùn sì ti fẹ́ sí lára lórí ọ̀kadà, ni wọ́n ń dà sínú ilé tí èédú rẹ̀ kò tíì ràn.

Ohun tí òtútù ń ṣe nínú ara

Ara àgbà adìẹ máa ń gbóná tó bí 41. Ti òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń wà ní bí 40, kò sì lágbára láti mú un dúró síbẹ̀. Ìyẹ́ múlọ́múlọ́ ara rẹ̀ kò lè di ooru mú, ara náà sì kéré débi pé ooru ń tètè sá jáde. Ọmọ ènìyàn ìkókó ní ọ̀rá àrà ọ̀tọ̀ kan tó ń dá ooru sílẹ̀ fún un. Ẹyẹ kò ní irú rẹ̀. Gbígbọ̀n ni ohun àkọ́kọ́ tí òròmọdìẹ lè ṣe, ẹran ara ló sì fi ń gbọ̀n, agbára oúnjẹ ló ń jó. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ tó mọ bí yóò ṣe máa darí ooru fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ tó bá a wáyé ni ìyókù pupa ẹyin tó wà nínú ikùn rẹ̀, èyí tí ara máa ń lò tán láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Bí òtútù bá mú un, kò ní rìn lọ sídìí omi, kò ní jẹun, pupa ẹyin náà kò ní wọra bó ṣe yẹ, yóò sì máa bàjẹ́ nínú ikùn. Wọn á kó jọ sí igun kan, wọn á máa gun ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á kú nítorí kò rí èémí. Àwọn tó kù á máa yàgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí, ìdodo á wú, ikú á sì máa bá a lọ dé ọjọ́ karùn-ún tàbí keje. Nígbà náà ni olówó adìẹ á ra oògùn àìsàn, nígbà tó jẹ́ pé òtútù òru àkọ́kọ́ ló ti ba nǹkan jẹ́.

Ewu mìíràn tún wà fún bírọ́ílà tó ń yára dàgbà. Òtútù ń mú kí ara béèrè afẹ́fẹ́ oxygen púpọ̀ sí i. Ọkàn á máa ti ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró tí iṣan rẹ̀ há, títí agbára ọkàn á fi pin, tí omi á sì kún inú ikùn: àìsàn omi inú ikùn nìyẹn. Àwọn ibi gíga bíi Bòlífíà, níbi tí oxygen ti kéré nínú afẹ́fẹ́, ni wọ́n ti kọ àwọn àkọ́kọ́ nínú ìròyìn rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Agbara kò ga sókè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi tapọ́líìnì di ilé adìẹ pa pátápátá nítorí òtútù, tó sì gbé èédú sínú rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oxygen jáde.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó kọ́bọ̀. Ẹ mú òròmọdìẹ kan láàárín wọn, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ara rẹ̀ dá. Bí ó bá tutù bí òkúta etí omi, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi ìka tẹ àpò oúnjẹ tó wà nídìí ọrùn rẹ̀ wò jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá yẹ 100 wò, ó yẹ kí ti bí 95 nínú wọn kún, kó sì rọ̀. Èyí tó ṣófo kò tíì jẹun. Èyí tó le ti jẹun, kò rí omi.

Ohun tó ń fúnni ní agbára

Glucose tàbí ṣúgà inú omi ni ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fún ọmọ adìẹ tó ti ìrìn àjò dé, ó sì ní ìdí. Òròmọdìẹ tó ti gbọ̀n lọ́nà ti jó agbára rẹ̀, ṣúgà ló sì ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ àwọn èròjà bíi sodium àti potassium tí wọ́n pò mọ́ ọn ń dá omi tó ti gbẹ lára padà. Àǹfààní rẹ̀ kì í kọjá wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń fún wọn ní omi dídùn lójoojúmọ́ ń dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀, ìgbẹ́ náà á rin ìtẹ́lẹ̀, ìtẹ́lẹ̀ tútù á sì tún mú òtútù pọ̀ sí i. Bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ó sàn ju omi kànga tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lọ.

Epo inú oúnjẹ ni èkejì. Nígbà òtútù, ẹyẹ ń jẹun jù torí kí ara rẹ̀ lè gbóná. Bí oúnjẹ náà kò bá ní agbára tó, èròjà amáradàgbà olówó iyebíye tó yẹ kó di ẹran ni yóò máa jó. Epo bí ìdá 1 sí 3 nínú 100 ń gbé agbára oúnjẹ ga. Epo pupa tiwa tún ní irú fítámìn E kan àti èròjà aláwọ̀ pupa tí ara ń sọ di fítámìn A. Mílì tó ń lọ oúnjẹ fúnra rẹ̀ lè ṣe èyí pẹ̀lú owó díẹ̀, ìyẹn ni mo fi gbé e sí ipò gíga nínú àgbéyẹ̀wò yìí. Kí epo náà sáà ti jẹ́ tuntun: epo tó ti kan ń jẹ fítámìn E run.

Fítámìn C, E àti selenium

Kíndìnrín adìẹ ń fi ṣúgà ṣe fítámìn C fún ara rẹ̀, ohun tí ara èèyàn kò lè ṣe. Nítorí èyí ni ìwé ìwọ̀n oúnjẹ adìẹ tí National Research Council ti Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1994 kò fi kà á mọ́ dandan. Ṣùgbọ́n bí wàhálà bá dé, ara ń lò ó ju bó ṣe ń ṣe é lọ. Ní Elazığ ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Kazim Sahin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po fítámìn C àti chromium mọ́ oúnjẹ àwọn adìẹ tó ń yé ẹyin nínú ilé tó tutù tó bí ìwọ̀n 6 tàbí 7, wọ́n sì rí àǹfààní rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí wọ́n fi dán an wò: àgbà adìẹ, nínú òtútù tí Agbara kò rí rí. Ohun tí a lè mú níbẹ̀ ni pé fítámìn C ń ran ara tó wà nínú wàhálà lọ́wọ́. Fún òròmọdìẹ, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́, àti ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ni ó bọ́gbọ́n mu láti fún wọn. Ìmọ́lẹ̀, ooru àti omi tó ní chlorine máa ń tètè pa á, nítorí náà omi tí a po láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì.

Fítámìn E àti selenium ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ẹran ara bá ń gbọ̀n, tó ń jó agbára ní ìlọ́po, ìdọ̀tí oxygen tó ń ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́ á máa pọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ń pa iná rẹ̀. Ìwọ̀n tó kéré jù tí ìwé 1994 yẹn fi lélẹ̀ fún bírọ́ílà ni ẹyọ 10 fítámìn E àti 0.15 mílígíráàmù selenium nínú kílò oúnjẹ kan. Àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí wàhálà ara sábà máa ń fi fítámìn E ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fítámìn E kì í tètè ṣe jàǹbá. Selenium yàtọ̀: ìwọ̀n tó wúlò àti ìwọ̀n tó ń pani kò jìnnà síra. Ẹni tó ti ń ra oúnjẹ tó ní premix gidi nínú, tó tún ń da selenium sómi, tó tún ń fún wọn ní oògùn mìíràn tó ní in, ń fi ẹ̀mí ẹyẹ ṣeré.

Arginine, Q10 àti carnitine

Iṣẹ́ orí àìsàn omi inú ikùn ni àwọn mẹ́ta yìí ti jáde. Ní Yunifásítì Arkansas, Robert Wideman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1995 pé àfikún arginine ń dín àìsàn náà kù, torí pé inú arginine ni ara ti ń rí nitric oxide tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró gbòòrò. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, lọ́dún 2004, àwọn olùwádìí kọ pé coenzyme Q10 dín ikú kù láàárín bírọ́ílà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú òtútù. Carnitine ń ran ara lọ́wọ́ láti jó ọ̀rá.

Ibi tí wọ́n ti wúlò jù ní ilẹ̀ wa ni Jos, tó ga ju 1,200 mítà lọ, tí òru ọyẹ́ sì ń mú gan-an. Ní Agbara, bírọ́ílà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò fẹ́ ju bí ìwọ̀n 21 sí 24 lọ, ojú ọjọ́ wa sì ń fún un ní ìyẹn lófẹ̀ẹ́ lọ́pọ̀ òru. Nítorí náà n kò rí ìdí tí olùsìn adìẹ 200 ní Ìgbẹ́sà yóò fi ná owó rẹ̀ lé Q10. Ti arginine sàn díẹ̀, torí adìẹ kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, kúlíkúlí tí a ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ sì ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Àmọ́ kúlíkúlí àti àgbàdo tó bá ti bu nígbà òjò ní aflatoxin, májèlé tó ń kọlu ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ kò ní jẹ́ kí fítámìn kankan ṣiṣẹ́. Kí a yẹ àpò wò, kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a sì gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju ike mẹ́ta lọ.

Bakitéríà rere, atalẹ̀ àti ayù

Òròmọdìẹ inú ẹ̀rọ kò pàdé ìyá rẹ̀ rí, kò sì rí bakitéríà rere gbà lára rẹ̀. Lọ́dún 1973, Nurmi àti Rantala ní ilẹ̀ Fínlándì fi hàn pé bí a bá fún ọmọ adìẹ ní bakitéríà inú ìfun àgbà adìẹ, salmonella kì í ráyè gbé ibẹ̀. Òtútù ń dín agbára ara láti bá kòkòrò jà kù, nítorí náà àfikún bakitéríà rere láti ọjọ́ kìíní ní ìdí. Kò ní mú ara gbóná, ṣùgbọ́n ó lè dín ikú tó ń tẹ̀lé òtútù kù. Kí a má ṣe pò ó mọ́ omi kan náà tí a fi oògùn apa-bakitéríà sí.

Atalẹ̀, ayù, ata àti ewé efinrin ni àwọn ìyá wa mọ̀. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ní àwọn yunifásítì wa ti dán wọn wò nínú oúnjẹ adìẹ, wọ́n sì ń ran ìfun àti ìjẹun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nípa wàhálà ojú ọjọ́ nílẹ̀ wa kọjú sí, kì í ṣe òtútù òròmọdìẹ. Mo kà wọ́n sí ohun tó dára fún ẹyẹ tó ti pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀. N kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbẹ́kẹ̀ lé wọn ní òru àkọ́kọ́.

Kí ẹyin tó pa

Apá kan nínú ìwádìí náà ti kúrò ní inú agolo oúnjẹ, ó ti wọ inú ẹyin. Zehava Uni ní Ísírẹ́lì àti Peter Ferket ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ ìmúdá lọ́dún 2003 lórí bí a ṣe lè fi abẹ́rẹ́ fún ọmọ inú ẹyin ní oúnjẹ ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó pa. Ní Ísírẹ́lì kan náà, lọ́dún 2009, Shinder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ pé àwọn gbé ẹyin bírọ́ílà sínú òtútù ìwọ̀n 15 fún ìgbà kúkúrú ní ọjọ́ 18 àti 19, àwọn òròmọdìẹ tó jáde sì fara da òtútù dáadáa sí i. Nítòsí wa, ní Yunifásítì Lomé, ibùdó ìmọ̀ ẹyẹ CERSA, èyí tí Báǹkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí ràn lọ́wọ́ láti 2014, ń ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe ń sàba ẹyin ní ojú ọjọ́ bíi tiwa. Háṣárì ni iṣẹ́ yìí kàn. Ṣùgbọ́n olùsìn kékeré lè jàǹfààní rẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọmọ adìẹ fún un.

Ewu inú sáṣẹ́ẹ̀tì

Ní ìsọ̀, wọ́n á ní: "Ìyá, ẹ sáà fi èyí sómi wọn, òtútù ò ní rí wọn gbé ṣe." Ẹ yí ìdì náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí oxytetracycline tàbí tylosin níbẹ̀ pẹ̀lú fítámìn, oògùn apa-bakitéríà lẹ ń rà. Òtútù kì í ṣe bakitéríà. Bí a ṣe ń fún wọn lójoojúmọ́ láìnídìí ni kòkòrò ṣe ń kọ́ bí yóò ṣe borí oògùn, tí ìyókù rẹ̀ sì ń wọ inú ẹyin àti ẹran tí àwa àti ọmọ wa ń jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Fítámìn tó ti wà nínú oòrùn lójú fèrèsé ìsọ̀ láti ọdún tó kọjá ti di ìyẹ̀fun lásán.

Ètò tí mo fara mọ́

Bí owó bá kéré, ẹ jẹ́ kí ó lọ báyìí. Èédú, ìkòkò búrúdà tàbí gáàsì, àti tẹmómítà tí a so kọ́ sí ibi tí ẹ̀yìn òròmọdìẹ dé, ni kó gba owó àkọ́kọ́. Kí iná ti wà nílẹ̀, kí ilé sì ti gbóná, ó kéré tán wákàtí méjìlá kí páálí tó dé. Ìtẹ́lẹ̀ gbígbẹ tó nípọn ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àlàfo lókè tapọ́líìnì kí èéfín lè jáde. Lẹ́yìn náà ni omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ní glucose àti iyọ̀ fún wákàtí díẹ̀, àti oúnjẹ tó ní epo tuntun láti ọjọ́ kìíní. Fítámìn C, pẹ̀lú fítámìn E àti selenium ní ìwọ̀n tí dókítà ẹranko bá sọ, ló kàn, ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ní ọjọ́ òjò. Bakitéríà rere á tẹ̀ lé e bí owó bá kù. Ìyókù lè dúró.

Ìbéèrè kan ló kù tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún Elazığ tàbí Arkansas láti dáhùn. Yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tó bí adìẹ FUNAAB Alpha, kò jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìẹ Nàìjíríà ní ẹ̀ka rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí wọ́n jọ mú ilé adìẹ mélòó kan ní Agbara àti Lúsàdà ní oṣù Keje, kí wọ́n fún apá kan ní fítámìn, kí wọ́n má fún apá kejì, kí gbogbo wọn sì ní ooru kan náà. Kí wọ́n ka òkú, kí wọ́n wọn ìwúwo, kí wọ́n sì ṣírò owó. Ìyá tó ń sin 100 adìẹ ní Ìgbẹ́sà yẹ lẹ́ni tó ń rí èsì tó wá láti inú òtútù tirẹ̀, kí owó tó ń mú lọ sí ìsọ̀ lè mọ ibi tó ń lọ.